Iṣẹ́ Wà Lára Ìtọ́jú

   

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa tí orí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dàrú: àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbóhùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tí wọ́n ń fura sí ìyá tó bí wọn, tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀, tí oorun ti dá lójú wọn. Bí wọ́n bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé ilé-ìwòsàn, ìbéèrè méjì ni àwọn òbí máa ń bi wá. Àkọ́kọ́ ni pé, “Ṣé yóò sàn?” Dókítà ni wọ́n máa ń bi léyìí. Èkejì, wọ́n máa ń rọra bèèrè rẹ̀ ni, lẹ́yìn tí dókítà bá ti kúrò níbẹ̀: “Ṣé ó tún lè ṣiṣẹ́ láyé rẹ̀?” Èmi ni wọ́n máa ń bi ní ìbéèrè kejì yìí, nítorí pé òun gan-an ni iṣẹ́ mi.

Ìdáhùn mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ wọn yóò tún ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé gbà pé kí aláìsàn kọ́kọ́ sàn tán pátápátá ná, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń dárúkọ iṣẹ́ létí rẹ̀. Bí wọ́n ti ń dúró de ọjọ́ tí yóò sàn tán ni oṣù ń gorí oṣù, tí ọmọ ń jókòó sójú kan. Mo ń sọ ọ́ gbangba lórí rédíò yìí pé iṣẹ́ ṣíṣe wà lára ohun tó ń mú un sàn.

Ọ̀pọ̀ nínú yín lè má tíì gbọ́ orúkọ iṣẹ́ wa rí. Occupational therapist ni wá. OT ni wọ́n ń pè wá ní wọ́ọ̀dù. Dókítà ló ń kọ oògùn, nọ́ọ̀sì ló ń fún aláìsàn lóògùn, tó sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Tiwa ni láti wo ohun tí ènìyàn ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe: bó ṣe ń jí, bó ṣe ń wẹ̀, bó ṣe ń dáná, bó ṣe ń kàwé tàbí tó ń ṣòwò, bó ṣe ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. A ó wá ibi tí àìsàn ti já okùn ìgbé ayé rẹ̀, a ó sì bá a so ó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí wà ní Òṣòdì l'Ékòó, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ náà sì ń kọ́ ọ títí dé oyè. Síbẹ̀ a ò pọ̀ rárá. Ilé-ìwòsàn ńlá mìíràn wà tí o kò ní rí ẹyọ ẹnì kan wa níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ba ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa ti gbọ́ lẹ́nu àgbà. Wọ́n ní bó ti wù kí wèrè sàn tó, kò ní ṣàì ku èyí tí yóò máa fi dẹ́rù ba ọmọdé. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń wà pẹ̀lú àwọn aláìsàn wọ̀nyí lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí onílé dá owó ilé padà. Òun ló ń jẹ́ kí àfẹ́sọ́nà sá, kí ọ̀gá lé ọmọ iṣẹ́, kí ẹ̀gbọ́n máa fi àbúrò pamọ́ nígbà tí àlejò bá dé. Èyí tó burú jù ni pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti gbọ́ ọ láti kékeré. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá sọ orúkọ àìsàn rẹ̀ fún un, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Ẹ wo ìgbà tí àìsàn yìí sábà máa ń dé. Láàárín ọmọ ọdún 15 sí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ ń ṣe WAEC àti JAMB, ìgbà yẹn ló ń kọ́ṣẹ́ tó ń retí fírídọ́ọ̀mù, ìgbà yẹn ló ń wá ẹni tí yóò fẹ́. Tí ọdún méjì bá lọ dànù níbẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti kọjá lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ fi yí ọwọ́ padà lágbàáyé. Ní 1992, Patrick McGorry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Melbourne, ní Australia, tó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ tí àìsàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Wọ́n ti rí i pé bí àìsàn náà bá ṣe pẹ́ tó láìrí ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń le tó láti bọ́ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Láti 2016, àfojúsùn iṣẹ́ wọn ni pé kí ọ̀pọ̀ irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bá ti fi orúkọ wọn ránṣẹ́. OT sì máa ń wà nínú ikọ̀ tó ń lọ bá wọn nílé.

Lọ́dọ̀ tiwa, oṣù mẹ́fà lè kọjá, ọdún kan lè kọjá, kí ọmọ tó fojú kan dókítà. Ilé wòlíì ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ, tàbí ọ̀dọ̀ ààfáà, tàbí ọ̀dọ̀ onísègùn ìbílẹ̀. Mi ò wá bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ yí padà lójú rẹ̀ lójijì yóò sáré lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà. Wọ́n jẹ́ kí àwọn onísègùn ìbílẹ̀ àti àwọn wòlíì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò lórí irú aláìsàn yìí. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2020, ara àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tọ́jú balẹ̀ ju ti àwọn tó wà lọ́dọ̀ onísègùn nìkan lọ. Nítorí náà, ẹ máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ gbé e wá sílé-ìwòsàn pẹ̀lú. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nìkan ni mi ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn lé lórí. Ọmọ tí wọ́n dè mọ́ òpó kì í sàn, ọwọ́ tí wọ́n dè kò sì lè ṣe nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó ló kọ́ wa pé kí á fi iṣẹ́ àti àwùjọ wo aláìsàn. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ń darí ilé-ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aró, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n ṣì ń kọ́ ilé náà lọ́wọ́. Lámbò ò dúró de bíríkìlà. Ó tọ àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí Aró ká lọ, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n máa gba owó ilé lórí wọn. Aláìsàn ò gbọ́dọ̀ dá wá: ó kéré tán, ẹnì kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a dúró, láti máa se oúnjẹ, láti máa fọ aṣọ, láti máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. Tí wọ́n bá ti gba oògùn tán, wọ́n á bá àwọn ará abúlé lọ sí oko. Lálẹ́, wọ́n á bá wọn jókòó sí ìta. Ó ké sí àwọn onísègùn ìbílẹ̀ náà pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ wá láti ilẹ̀ òkèèrè wá wò ó, Lámbò fúnra rẹ̀ sì padà di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi okùn gbé wá lóṣù tó kọjá, òun ló ń fi ọkọ́ kọ ebè lónìí, ọmọ abúlé ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Kí “ẹ kú iṣẹ́” tó kàn ọ́, o gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Aláìsàn tó ń gbọ́ ìkíni yẹn lójoojúmọ́ mọ̀ pé òun ṣì wà nínú àwọn ènìyàn. Bí mo bá ní agbára, gbogbo ilé-ìwòsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ǹ bá fi abúlé bẹ́ẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi bí a ṣe ń ṣe é hàn yín. Mi ò ní dárúkọ ẹni náà, mo sì ti yí àwọn ohun tí ẹ fi lè dá a mọ̀ padà. Ọmọbìnrin aránṣọ kan ni, ó ku díẹ̀ kó gba fírídọ́ọ̀mù nígbà tí àìsàn dé. Ohùn ọkùnrin kan ń bú u tọ̀sán tòru. Ní ọjọ́ kan ó gé aṣọ oníbàárà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí oògùn ti jẹ́ kó fara balẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, mo bi í pé kí ló wù ú kó tún lè ṣe. Ó ní, “Àǹtí, kí n rán bùbá.”

Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan wà nínú yàrá iṣẹ́ wa. Mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Lójú ẹni tí kò rán aṣọ rí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni bùbá rírán. Lójú tiwa, iṣẹ́ púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó ní láti wọn èjìká, kó fi nọ́ńbà náà sọ́kàn títí yóò fi kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní láti ro bí yóò ṣe tẹ́ aṣọ kó tó fi síìsọ́ọ̀sì kàn án, nítorí aṣọ tí a bá ti gé ti gé náà nìyẹn. Ó ní láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ní láti máa tẹ ẹ̀rọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ti aṣọ. Ó sì ní láti máa dá oníbàárà lóhùn láìgbàgbé ibi tó rán dé.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní wàhálà kankan. Bó ti gbé e lé ẹ̀rọ báyìí ló ń lọ, bí ẹni tí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ rí. Ibi méjì ni ìṣòro wà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òwú ò wọ ihò. Oògùn tó ń lò ló fà á. Èkejì, nọ́ńbà ń sá mọ́ ọn lọ́kàn. Bó bá wọn èjìká tán, kó tó na ọwọ́ mú bírò, á wò mí: “Àǹtí, ó ti lọ.” Àìsàn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìrántí. Ilé á sì rò pé kò kọbi ara sí nǹkan ni.

Mo sọ ti ọwọ́ gbígbọ̀n fún dókítà, ó tún oògùn náà tò, ó sì rọlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo irú oògùn yìí, mo bẹ̀ yín, bó bá ń ṣe yín bákan-bákan, bó ń mú yín sùn jù, bó ń gan ara yín, ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó ń tọ́jú yín. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ti nọ́ńbà, èmi àti òun la jọ ṣètò rẹ̀: kó wọn ọ̀kan, kó kọ ọ̀kan, kí tépù má tíì kúrò lára oníbàárà. Ìṣẹ́tí àpò ìrọ̀rí la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń dúró gbà á. Ó kan bùbá tara rẹ̀, ó kan ti ìyá rẹ̀. Oníbàárà ló kẹ́yìn.

Ohùn yẹn ńkọ́? Ó ṣì wà nígbà náà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé bí ẹ̀rọ bá ń lọ, ohùn náà a lọ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, a tún dé. Nítorí náà a wá ohun tí yóò máa ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́. Ó yan orin tí yóò máa kùn lẹ́nu, ó ń ki earpiece rédíò bọ etí kan. Mo lọ rí ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin náà kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́, mi ò sì bá a wí, nítorí òun ló san owó aṣọ oníbàárà tó bàjẹ́. Nígbà tó yá, ó gbà kó máa wá láàárọ̀ nìkan, ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó jókòó sí igun tí kò kọjú sí títì, nítorí àwọn tó ń kọjá máa ń mú un fura. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi kún un. Àìsàn náà tún fẹ́ gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti mọ àmì rẹ̀. Kò sùn fún òru mélòó kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé pa lọ́sàn-án gangan. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa kó tó di ńlá. Ó gba fírídọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì ń ránṣọ títí di òní.

Mo fẹ́ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun tó ń fa ìjà jù nínú ilé. Ohùn tí ọmọ ń gbọ́ lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó bá ń lo oògùn. Bàbá á ní ó ti sàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ kò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kò wẹ̀, ọ̀rẹ́ dé kò jáde, oúnjẹ wà níwájú rẹ̀ kò bu ú jẹ. Wọ́n á ní ó ti ya ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ o! Ara àìsàn náà ni, ó sì máa ń pẹ́ nílẹ̀ ju ohùn gbígbọ́ lọ. Ohun tó ń ti ènìyàn láti dìde ṣe nǹkan ni àìsàn náà kó lọ. Ariwo kò lè dá a padà. Àwọn olùwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí George Brown jẹ́ aṣáájú wọn, ti rí i láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn pé aláìsàn tó padà sí ilé tí wọ́n ti ń jágbe mọ́ ọn, tí wọ́n ń ṣàríwísí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ni àìsàn náà máa ń tún kọlù jù.

Wọ́n tún rí ti ilé tí wọ́n ti ń kẹ́ aláìsàn jù. Èyí wọ́pọ̀ láàárín àwọn ìyá wa, ìfẹ́ ló ń fà á, mo mọ̀. Ìyá á fọ aṣọ fún ọmọkùnrin ọdún 24, á bu omi fún un, á bu oúnjẹ fún un dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ ọmọ á wá gbàgbé iṣẹ́. Ẹ má sọ fún un pé “Dìde, lọ wá nǹkan ṣe.” Ọ̀rọ̀ yẹn ti tóbi jù fún un lásìkò yìí. Ẹ gbé àtẹ ẹ̀wà síwájú ara yín, kí ẹ ní “Wá bá mi ṣa ẹ̀wà yìí.” Ẹ jọ ṣa á. Bó bá ṣa ẹ̀kúnwọ́ kan tó dìde, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹ̀kúnwọ́ kan. Lọ́la, ní àkókò kan náà, ẹ tún pè é. Lẹ́yìn náà ẹ rán an ní ọjà òwúrọ̀, kí èrò tó pọ̀, kó ra ohun méjì péré, kó kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ jẹ́ kó sùn lóru, kó jí láàárọ̀. Ẹ bá a jáwọ́ nínú igbó, nítorí igbó ń dá àìsàn yìí padà kíákíá, igbó àtọwọ́dá tí àwọn ọmọ ń pè ní kólò (Colorado) sì burú jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa òṣìṣẹ́ ìlera. Ní ibi púpọ̀, bí o bá wọ yàrá OT, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń sín, ẹní ni wọ́n ń hun, gbogbo ènìyàn, ìbáà ṣe awakọ̀, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò. Mo lòdì sí i. Ìlẹ̀kẹ̀ dára fún ẹni tó fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ jẹun, tàbí tó ń fún un ní ìdùnnú. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti jókòó ti ìwé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́la. Awakọ̀ ní láti mọ̀ bóyá oògùn ń mú un tòògbé kó tó tún di sítíà mú. Ní Amẹ́ríkà, Robert Drake àti Deborah Becker gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IPS. Kò ní kí aláìsàn kọ́kọ́ lo ọdún gbọọrọ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwòsàn. Iṣẹ́ gidi tó wù ú ni wọ́n ń bá a wá, lọ́gán, wọ́n á sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi iṣẹ́ náà. Wọ́n ti dán an wò léraléra ní ilẹ̀ púpọ̀, ó sì ń jẹ́. Àwa tí a ní ètò ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ní gbogbo àdúgbò, ọ̀nà wa ti là ju tiwọn lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́, ẹ̀yin ni mo tìtorí yín wá gan-an lónìí: aránṣọ, onídìrí, mẹkáníìkì, oníwẹ́dà, aláṣọ, olóúnjẹ. Láti oṣù kìíní 2023 tí ààrẹ ti fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà, kò sí ìdí mọ́ láti máa lo òfin amúnisìn àtijọ́ tó ń ka àwọn aláìsàn yìí sí ẹni ìpamọ́. Ṣùgbọ́n òfin ò lè gba ọmọ iṣẹ́ padà fún yín. Bí orí ọmọ iṣẹ́ yín bá dàrú, ẹ bá àwọn òbí rẹ̀ gbé e wá lọ́sẹ̀ náà. Ẹ má fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bó bá ti ń gba ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kó máa wá fún wákàtí méjì, kó máa ṣe ibi tó rọrùn níbẹ̀. Tí ó bá rú yín lójú, ẹ bèèrè OT ní ilé-ìwòsàn tí ẹ gbé e lọ. Bí wọn ò bá ní, ẹ bi àwọn aláṣẹ ibẹ̀ pé kí ló dé.